Páálí Ọlọ́lá Villaluz

Ẹ fara balẹ̀ kí n kọ́kọ́ ka orúkọ ọkùnrin náà tán, nítorí bí mo bá fo ẹyọ kan nínú oyè rẹ̀, yóò kọ lẹ́tà sí mi, lẹ́tà rẹ̀ kì í sì í dín ní ojú ewé mẹ́ta. Ọlọ́lá Lọ́yà Ẹnjiníà Dókítà Honorato Macaspac Villaluz ni, Alábòójútó Àgbà fún Àjọ Akọni Òkè Òkun, ẹ̀ka ti Hong Kong. Lọ́yà ni, ṣùgbọ́n kò wọ kóòtù rí àfi ọjọ́ tí wọ́n pè é lẹ́jọ́ nítorí ajá rẹ̀. Ẹnjiníà ni, nítorí ó tún fáànù kan ṣe nígbà kan, fáànù náà sì ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Oyè dókítà, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ lẹ́yìn tó ra àga onítìmùtìmù méjì fún wọn. Ọlọ́lá nìkan ni n kò mọ ibi tó ti rí i.

Àwọn akọni tó ń bójú tó ni àwọn obìnrin Philippines tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn ará Hong Kong. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọ balùwẹ̀, wọ́n ń mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé ìwé, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ tiwọn lórí fóònù. Tó bá di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ń sinmi, wọn a tẹ́ páálí sílẹ̀ lábẹ́ afárá ní àdúgbò Central, wọn a bọ́ bàtà, wọn a jẹun, wọn a kun èékánná ara wọn, wọn a sì rojọ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ tán. Villaluz kì í pè wọ́n ní nǹkan mìíràn ju akọni lọ. “Ẹ̀yin akọni,” a ní, “ẹ tò sórí ìlà.”

Belen Dumlao wà lórí ìlà náà ní ọjọ́ Àìkú kan láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ará Isabela ní Philippines, ọdún kọkànlá rẹ̀ nílùú náà sì nìyẹn. Ate Belen, ìyẹn ẹ̀gbọ́n Belen, ni gbogbo àwọn tó fi ọjọ́ orí jù lọ ń pè é. Ìlà kò kúrò lójú kan, nítorí pé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, Crisanto akọ̀wé ọ̀gá gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó ka gbogbo oyè tí mo kà lókè yìí, kí àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Láàárín wákàtí méjì, akọni mẹ́rin péré ló rí ọ̀gá.

Kì í ṣe eré ló gbé Belen wá. Ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kó lọ sí Canada, òfin ìlú náà sì ni pé ẹni tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bá parí kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ kó tó máa lọ sílé. Orí bá a ṣe é, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Leung, ní àdúgbò Sham Shui Po, sọ pé òun fẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ohun méjì ló kù. Villaluz yóò lu òǹtẹ̀ sí ìwé àdéhùn tuntun, Belen yóò sì mú ìwé náà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dé ọ́fíìsì físà kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó kọjá. Bí ó bá kọjá, ilé yá. Jolina ọmọ rẹ̀ tó ku ọdún kan péré kó di nọ́ọ̀sì yóò pa ìwé tì, àwọn méjèèjì yóò sì jọ jókòó sí Isabela máa wo ara wọn.

Nígbà tó wọlé, Villaluz ń wo ìwé tirẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́, mo ní ìwé tirẹ̀, èyí tó kọ. Òfin Ọgọ́rùn-ún àti Ẹyọ Kan fún Akọni Tó Wà Lókè Òkun ló pè é. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, òfin gidi wà níbẹ̀, nítorí ẹnu àwọn obìnrin náà ni Crisanto ti lọ gbọ́ wọn tó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Òfin Kìíní ní kí akọni má ṣe fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ìbáà jẹ́ ẹni tó bá a wáṣẹ́, ìbáà jẹ́ àfẹ́sọ́nà. Òfin Kejìdínlọ́gọ́ta ní kí ẹni tó bá ń fi páálí ẹrù ránṣẹ́ sílé dì í fúnra rẹ̀, kí ó kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú rìsíìtì. Àwọn tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún un kò ṣòroó dá mọ̀. Òfin Ogójì ní kí akọni tó bá pàdé Alábòójútó Àgbà lójú ọ̀nà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó sì rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní kí ó má ṣe sunkún lórí fóònù kó tó jẹun, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá ebi ni tàbí àárò ilé. Àwòrán Villaluz wà ní ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Níbì kan, ó ń wo òkun. Níbòmíràn, òkun ń wò ó.

“Akọni Belen,” ó ní, “òǹtẹ̀ tí o wá gbà yìí, o mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré. Tí mo bá gbé e sókè báyìí, gbogbo Manila ló dìde dúró.”

“Ẹ jọ̀ọ́ Sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde kíá. Mo ní ẹran lórí iná nílé ọ̀rẹ́ mi.”

Villaluz kò gbọ́ ìyẹn. Ó ń ṣàlàyé pé ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Igbákejì Mínísítà, Ìyáàfin Lazatin, yóò ti Manila wá ṣí ìwé náà lójú gbogbo ayé, àti pé òun ti ní kí wọ́n rán ẹ̀wù awọ aláwọ̀ búlúù fún pásípọ́ọ̀tù obìnrin mẹ́tàlélógójì tí yóò dúró síwájú. Ojú òun tí wọ́n fi wúrà tẹ̀ ló wà lára ẹ̀wù náà. Wọn yóò gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ wọn lónìí, wọn yóò wọ̀ wọ́n láṣọ, wọn yóò sì dá wọn padà ní Ọjọ́bọ̀. Belen ló ní ohùn tó já gaara jù, nítorí náà òun ló máa ka Òfin Kìíní.

“Sà, Òfin Kìíní náà ló ní ká má fún ẹnikẹ́ni.”

Villaluz yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. “Crisanto, ṣé ẹnikẹ́ni ni mí?”

“Rárá o, Sà,” ni Crisanto dáhùn, ó sì tẹrí ba. “Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò jẹ́ ẹnikẹ́ni rí.”

Inú ọ̀gá dùn sí èsì yìí. Ó ní kò sí ẹ̀wù, kò sí òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Belen wo ọwọ́ tí ọ̀gá nà sí i. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí ibòmíràn ju inú àpò kékeré tó so mọ́ ikùn lábẹ́ aṣọ. Ó rántí Jolina, ó sì tú àpò náà. Ó dùn ún wọra bí ẹni pé wọ́n yọ eyín rẹ̀.

Àpótí irin wà ní ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n àwọn àmì ẹ̀yẹ tí Villaluz fún ara rẹ̀ ti kún un dé ẹnu. Nítorí náà, inú agolo bisikíìtì ńlá kan ni wọ́n kó pásípọ́ọ̀tù sí. Villaluz fi tirẹ̀ ṣe àkọ́kọ́, ó ní aṣáájú ló ń ṣíwájú, Crisanto sì fi tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé agolo náà sórí pẹpẹ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa páálí. Ọmọ Philippines tó bá wà lẹ́yìn odi kì í fi páálí tó ní àyè ránṣẹ́ sílé. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ ni wọ́n á ti máa ki nǹkan sí i, agolo ẹran, ọṣẹ, ṣokoléètì, bàtà tí wọ́n ki ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ki ọṣẹ ìfọyín sínú rẹ̀. Àyè tó bá ṣẹ́ kù dà bí ẹ̀gàn fún àwọn ará ilé. Páálí tí Villaluz fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tó fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún tóbi débi pé ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Ó ní kí Crisanto fi kálámù ńlá kọ gbogbo oyè òun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àwọn ará àdúgbò lè kà á láti ìta. Kò di ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó ń lu òǹtẹ̀ kì í di páálí.

Ní Ọjọ́rú, Crisanto dì í, dì í, ó wá ku àyè róbótó kan ní igun ọ̀tún, tó jìn dé ìsàlẹ̀. Ó ki ọṣẹ sí i, ọṣẹ kéré. Ó ki táwẹ̀lì sí i, kò dọ́gba. Ó wá gbójú sókè, ó rí agolo bisikíìtì lórí pẹpẹ. Ọpọlọ rẹ̀ ti gbàgbé gbogbo nǹkan mìíràn láyé àfi àyè yẹn. Ó ní ọ̀gá á ti ra bisikíìtì fún màmá. Agolo náà wọ ibẹ̀ ṣẹ́kú, Crisanto sì mí kanlẹ̀. Nígbà tí àwọn agbẹ́rù dé, òun ló fọwọ́ sí rìsíìtì, nítorí ọ̀gá kì í fọwọ́ sí ohun tó bá kéré sí àdéhùn ìjọba méjì. Nínú ìlà tó yẹ kó kọ ẹrù sí, ó kọ “aṣọ àtijọ́.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Belen dé láti gba ti ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀wù búlúù ti dé láti ọ̀dọ̀ aránṣọ, mẹ́tàlélógójì, wọ́n tò sórí tábìlì, gbogbo ojú Villaluz ń tàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n máa wọ̀ wọ́n sí. Crisanto sọ nǹkan sí ọ̀gá létí. Ojú ọ̀gá yí padà, ó yí padà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ó padà sí ipò rẹ̀. Ó sọ fún Belen pé àwọn pásípọ́ọ̀tù wà lábẹ́ àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀, àti pé àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ kì í yára. Belen béèrè ibi tí àyẹ̀wò náà wà. Villaluz ní ó wà ní ìpele tó ga. Belen béèrè bóyá ìpele náà á ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé. Villaluz ní akọni kì í béèrè ìbéèrè méjì tẹ̀ léra, ó wà nínú Òfin Kẹrìnlélọ́gọ́rin.

Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni Belen ti fi ń nu pẹpẹ olówó. Ó wo pẹpẹ náà, ó rí àmì róbótó nínú eruku níbi tí agolo wà tẹ́lẹ̀, ó sì rí i pé páálí ńlá tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó dúró de Crisanto ní ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù elélùbọ́ ìrẹsì. Kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn béèrè ohun tó ki sí àyè tó kù nínú páálí, Crisanto sì bú sẹ́kún.

“Ate, ó bá ibẹ̀ mu ni. Ẹ bá rí i. Bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n.”

“Mo gbọ́. Ṣé o sọ fún un pé kó lọ gbà á padà?”

Crisanto ní òun dọ̀bálẹ̀ bẹ ọ̀gá, ọ̀gá kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣí páálí náà níwájú ènìyàn, wọ́n á rí ohun tó wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Táwẹ̀lì àti wàrà tí àwọn aláàánú kó wá fún ilé ààbò ni wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilé tí àwọn obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá burúkú ń sùn. Villaluz ní kí gbogbo ènìyàn ṣe sùúrù oṣù méjì kí ọkọ̀ ojú omi dé, kí ìyá òun sì fi agolo náà ránṣẹ́ padà.

Oṣù méjì. Belen fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ níbi tí àpò òfìfo wà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ mẹ́rin dàgbà nílùú yìí, kò ṣe àṣìṣe kan, agolo bisikíìtì ló wá fẹ́ lé e lọ sílé. Ó bínú sí Villaluz, ó bínú sí ara rẹ̀ tó tú àpò náà. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú, ó sì dìde.

Mang Dado ni àgbàlagbà tó ń ṣe kòkáárí ilé ìkẹ́rùsí tí gbogbo wọn ń gbé páálí lọ. Belen bá a ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní páálí olóyè náà ṣì wà níbẹ̀, kọ̀ǹténà kò tíì kún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa tì í pa. Ṣùgbọ́n òun kò lè fún Belen.

“Ẹni tó fọwọ́ sí rìsíìtì nìkan ni mo lè dá a padà fún, ọmọ mi. Ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló ni ẹrù inú rẹ̀.”

“Ta ló fọwọ́ sí i, Mang Dado?”

Àgbàlagbà náà wọ awò ojú rẹ̀, ó ka orúkọ náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Crisanto ni. Ẹ wò ó bí ìgbéraga ṣe ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ká ní Villaluz rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí ìwé pélébé yẹn ni, ì bá ṣì wà lórí àga rẹ̀ lónìí, ì bá sì ti dé Òfin Igba.

Kò rọrùn láti mú Crisanto. Ó ní bí òun bá dá páálí náà padà, iṣẹ́ òun ti lọ nìyẹn. Belen ní pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ó wá béèrè bóyá ó rò pé ọ̀gá tó ń kó wàrà ilé ààbò á gbèjà òun nígbà tí ọ̀ràn bá délẹ̀. Crisanto ronú títí. Ó wá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbé ẹrù náà padà fún òun ní ọjọ́ Àìkú, níbi tí òun bá wà, lábẹ́ afárá ní Central.

Ọjọ́ Àìkú dé. Wọ́n gbé pẹpẹ kékeré kan kalẹ̀ láàárín àwọn páálí tí àwọn obìnrin tẹ́, wọ́n to òdòdó yí i ká. Wọ́n rán mọ́tò dúdú lọ pàdé Ìyáàfin Lazatin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ni obìnrin náà bá dé, ó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ti jẹ pancit, núdùlù ilẹ̀ wọn, tán nínú àwo obìnrin kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni. Villaluz gba makirofóònù.

“Ẹ̀yin akọni,” ó ní. “Nígbà tí mo dé Hong Kong, òkè wà níbẹ̀, òkun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ yín, ta ló ń bójú tó wọn? Ta ló ń bójú tó òkun náà? Mo wò ó, mo ní, Honorato, iṣẹ́ ti dé.”

Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ó sọ bí òun ṣe kọ ìwé náà láìsùn. Ó sọ ìtàn fáànù. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ níbi tí Crisanto bá ti gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀nà ni Crisanto ń wò, àtẹ́wọ́ sì ń bọ́ síbi tí kò yẹ. Nígbà tó yá, Villaluz pe Belen. Ó rò pé ẹ̀rù ti pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́, nítorí òǹtẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Belen ka Òfin Kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ já gaara. “Akọni kò gbọdọ̀ fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.” Ó pa ìwé náà dé.

“Òfin tó dáa nìyẹn,” ni Ìyáàfin Lazatin wí. “Ìyá mi ṣe iṣẹ́ yín ní Kuwait. Ẹ na tiyín sókè kí n rí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú.”

Obìnrin mẹ́tàlélógójì na ọwọ́ òfìfo sókè.

Villaluz gba makirofóònù padà kíákíá. Ó ní àmì ìtẹríba nìyẹn, àṣà tuntun tí òun dá sílẹ̀. Ìyáàfin Lazatin kò wò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ Belen ibi tí tirẹ̀ wà.

“Ó ń bọ̀ lọ́nà, Mà,” ni Belen dáhùn. “Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn.”

Mang Dado ló ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù bọ̀ láàárín èrò, tó ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò. Páálí tó wà lórí rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá mọ̀wé lè kà á: Ọlọ́lá, Lọ́yà, Ẹnjiníà, Dókítà. Ó dúró níwájú Crisanto, ó gba ìbuwọ́lù, ó sì sọ ẹrù kalẹ̀.

Villaluz ní òun kò mọ páálí yìí rí.

“Orúkọ yín kọ́ ló wà lára rẹ̀?” ni Ìyáàfin Lazatin béèrè.

“Orúkọ tó pọ̀ ni, Mà. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa jẹ́ ẹ.”

“Tóò. Tí kì í bá ṣe tiyín, kò ní dùn yín tá a bá ṣí i.”

Mo ti rí ènìyàn tó rìn wọ inú kòtò rí, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, tó kọ oyè sí i lára, tó sì sọ pé kì í ṣe tòun, ẹyọ kan yìí ni mo rí. Belen fi ọ̀bẹ gé okùn. Àwọn ṣokoléètì ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni táwẹ̀lì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n kọ orúkọ ilé ààbò sí létí, àti wàrà tí wọ́n kọ “ẹ̀bùn” sí lára gàdàgbà. Àwọn obìnrin méjì tó ń gbé ilé ààbò wà nínú èrò. Ọ̀kan mú táwẹ̀lì kan, ó wò ó, ó sì sọ láìgbóhùn sókè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn fi nu ara pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn.

Agolo bisikíìtì ló kẹ́yìn. Belen ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Obìnrin kọ̀ọ̀kan jáde, ó gba tirẹ̀, ó fi í sí àyà. Crisanto fi ọwọ́ méjèèjì gba tirẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀.

“Ẹ mú tiyín, Alábòójútó,” ni Ìyáàfin Lazatin wí. “Ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́la. Mínísítà fẹ́ gbọ́ ìtàn fáànù lẹ́nu yín.”

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, Crisanto kò gbé ọwọ́ sókè. Villaluz gba pásípọ́ọ̀tù náà, ó sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Belen ti dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó tẹ́ ìwé àdéhùn tuntun sórí páálí, ó sì tún un ṣe kó má bàa ká.

“Òǹtẹ̀ mi, Sà.”

Òǹtẹ̀ wà nínú àpò kóòtù rẹ̀, torí kì í fi í sílẹ̀ níbikíbi. Ó yọ ọ́, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó sì lù ú. Manila kò dìde dúró. Iṣẹ́ ìkẹyìn tó ṣe fún ìjọba nìyẹn, ẹ sì jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ náà hàn dáadáa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí aago mẹ́wàá tó lù, Belen ti kúrò ní ọ́fíìsì físà. Wọ́n gba ìwé rẹ̀. Ó dúró lójú títì, ó pe Jolina, ó ní kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Òun gan-an ló sunkún lórí fóònù láìtíì jẹun.

Tó bá di ọjọ́ Àìkú, páálí kì í ṣòfò ní Central. Táwẹ̀lì àti wàrà ti padà sí ilé ààbò, ṣokoléètì sì ti bá tiwọn lọ, ṣùgbọ́n páálí náà nípọn, ó sì tóbi, àwọn obìnrin sì gé e sí wẹ́wẹ́ láti jókòó lé. Ìjà kékeré bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni yóò gba èwo. Wọ́n fún ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Leyte ní Ẹnjiníà. Àwọn méjì pín Dókítà. Lọ́yà rọ̀ díẹ̀ létí, nítorí náà bàtà ni wọ́n kó lé e. Wọ́n ní Ate Belen ni àgbà, kí ó mú èyí tó gbòòrò jù.

Jolina pè é lórí fóònù bó ṣe ń jókòó. Ó béèrè ibi tí ìyá òun wà lónìí.

“Mo jókòó lé Ọlọ́lá, ọmọ mi,” ni Belen wí. “Ó gbà mí dáadáa.”

Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ níbi tí pásípọ́ọ̀tù wà lábẹ́ aṣọ, ó sì na ọwọ́ sí àwo pancit.